Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ọtí fún ilé tó ní ọ̀dọ́ àti họ́ọ̀lù àríyá ní Ìkòròdú: èyí tó yẹ ní rírà, èyí tó yẹ ní fífi sílẹ̀

Oríṣi ohun èlò mẹ́rin ni ará Ìkòròdú lè fowó ara rẹ̀ rà láti fi mọ̀ bóyá ọtí wà lára ènìyàn: ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí, tó ń lo semiconductor (irin kékeré tí bátìrì ń mú gbóná), ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí, tó ń lo fuel cell (èyí tó ń sọ ọtí inú èémí di iná kékeré), ọ̀pá dígí alálòsọnù tí àwọ̀ inú rẹ̀ máa ń yí padà, àti pépà pélébé tí wọ́n ń fi itọ́ sí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la gbé yẹ̀ wò níbí. Ohun tí a ń wá lára wọn ni pé kí wọ́n bá òbí àti onígbọ̀ngán àríyá dá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lẹ́kun ọtí, kí wọ́n sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ti mu ún kó tó gorí ọ̀kadà tàbí kó jókòó sídìí ọkọ̀.

Ẹni tí kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ìdájọ́ wa nìyí. Ẹ ra fuel cell bí agbára bá gbé e. Bí kò bá gbé e, pépà itọ́ sàn ju semiconductor lọ fún ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ̀rọ semiconductor kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni á gbójú lé láti sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ. Kò sì sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yẹ kí ẹ kó lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa fi yẹ ara wọn wò. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìkòròdú gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ́dún 2022, Ìkòròdú kò sí lára wọn. Ọ̀dọ́ tó bá jáde lóde ijó ní agogo 12 òru ṣì lè yá ọ̀kadà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, kó sì gbé ẹni méjì sẹ́yìn. Títì Ìkòròdú sí Ṣàgámù, láti Sábó lọ sí ọ̀nà Odògùnyàn níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà, jẹ́ ọ̀nà tírélà. Tírélà tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lóru láìtan iná, ojú tó là kedere pàápàá kì í tètè rí i, áḿbọ̀sìbọ́sí ojú tí ọtí ti mú. Ẹ wá fi òde Sátidé, kánífà àdúgbò inú oṣù Disemba, àti àríyá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ WAEC tán kún un.

Ọdún 18 ni ènìyàn gbọ́dọ̀ pé kó tó lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún ọkọ̀ àdáni ní Nàìjíríà, ọdún 18 náà ni wọ́n ń kọ sára ìgò ọtí. Òfin ìrìnnà fi 0.05 ṣe ààlà fún awakọ̀, ìyẹn gíráàmù ọtí 0.05 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Ààlà yẹn kò kan ọmọ tí kò tíì pé 18. 0.00 ni tirẹ̀, òun la sì fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àyẹ̀wò yìí.

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ìgò kan kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìgò bíà ńlá kan, 60cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ní ọtí gidi tó tó gíráàmù 24 nínú. Bí ọmọkùnrin tó wọn kílò 60 bá gbé e mu kíákíá láìjẹun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dé nǹkan bí 0.058. Ìgò kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì ti ré kọjá ààlà àgbàlagbà. Ọmọbìnrin tó wọn kílò 50, tó mu ìgò kan náà, lè súnmọ́ 0.086, nítorí omi inú ara obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, ọtí kò sì rí ibi tó fẹ̀ tó láti tàn ká sí. Ọtí ọ̀rá kan, 30ml tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40, ní gíráàmù 9 sí 10. Ọ̀rá mẹ́ta ti ju ìgò bíà ńlá kan lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá mẹ́ta á wọ àpò ṣòkòtò iléèwé láìsí ẹni tó máa fura, kò sì ní dún bí ìgò.

Ohun tó mú NAFDAC dojú kọ ọtí ọ̀rá àti ti ìgò tí kò tó 200ml nìyẹn. Ní Disemba 2018 ni wọ́n bá àwọn tó ń ṣe é tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ní Jánúárì 2022 wọ́n dáwọ́ ìforúkọsílẹ̀ tuntun dúró, ní Fẹ́búárì 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin náà múlẹ̀, kó tó di pé ìjọba tún sún gbèdéke náà síwájú sí Disemba 2025. Kí òbí má fi ìṣọ́ ọmọ rẹ̀ dúró de ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ semiconductor. Ó kéré, ó fúyẹ́, òmíràn tiẹ̀ ní ihò kọ́kọ́rọ́ nídìí. Nínú rẹ̀, irin kékeré kan wà tí bátìrì ń mú gbóná. Bí afẹ́fẹ́ ọtí bá kàn án, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á yí padà, ẹ̀rọ á sì sọ ìyẹn di òǹkà. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣe ọtí nìkan ló ń kan irin yẹn. Lọ́fínńdà ń kàn án. Sànìtáísà tí wọ́n fi pa ọwọ́ ń kàn án. Èéfín sìgá, ọ̀dà, òórùn pẹtiróòlù, gbogbo wọn ló ń tì í gòkè. Èémí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí ẹni tí kò jẹun fún ìgbà pípẹ́, máa ń ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetone nínú, òun náà lè fara jọ ọtí lójú ẹ̀rọ yìí. Ẹ wá gbé e dúró sẹ́nu ọ̀nà họ́ọ̀lù, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń rú èéfín, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti fín lọ́fínńdà tán, ẹ ó rí i pé ọmọ tí kò mu ju míníráà lọ á fẹ́ 0.03. Ẹ ó fẹ̀sùn kan ọmọ tí kò ṣẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá sì ti fẹ̀sùn èké kàn lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbà fún ẹ̀rọ náà mọ́.

Ewu kejì tún burú jù ú lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn irin kékeré yẹn, bá ti ń gbó, òǹkà rẹ̀ á máa sá kúrò lójú ìwọ̀n, á máa fi kéré tàbí kó máa fi pọ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà ní 0.06 lè fẹ́ 0.03. Bákan náà, bí ẹni tó yó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ tán, ìyókù ọtí rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ, ẹni tó bá tẹ̀ lé e á jẹ gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀, àfi tí ẹ bá dúró kí ẹ̀rọ fọ ara rẹ̀ mọ́. Fún ilé tó ní ọmọ kan, ẹ lè fi ṣọ́ra. Fún họ́ọ̀lù tí ènìyàn 300 ń gbà jáde, ẹ má ṣe é.

Ẹ fojú sí ohun kan kí ẹ tó ra ẹ̀rọ èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ olówó gọbọi: lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà lójú rẹ̀. Bí ẹ bá rí %BAC, ìyẹn ìwọ̀n ọtí nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀, 0.05 ni ààlà Nàìjíríà. Bí ẹ bá rí g/L tàbí àmì ‰, ohun kan náà á di 0.5. Bí ẹ bá rí mg/L, èémí ló ń wọ̀n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ohun kan náà á sì di 0.25. Ibi tí ewu wà ni pé ẹni tó mọ 0.5 lórí nìkan, tó wá rí 0.30 lójú ẹ̀rọ tó ń wọn mg/L, á rò pé ó kù díẹ̀ kó dé ààlà, bẹ́ẹ̀ ó ti dé nǹkan bí 0.06 nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní bọ́tìnnì tí a fi ń yí èyí padà, ó sì rọrùn kí ìka ọmọdé yí i láìmọ̀. Ẹ fi sí %BAC, kí ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹ kọ ọ́ sí.

Kò tán síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà lè jẹ́ pé 0.08 ni yóò tó han gooro, torí pé òun ni ààlà àgbàlagbà ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìpínlẹ̀ ibẹ̀. Kó tó dún fún yín ní Ìkòròdú, awakọ̀ ti rú òfin Nàìjíríà tipẹ́. Lọ́hùn-ún pàápàá, ẹni tí kò tíì pé 21 kò gbọdọ̀ dé 0.02 nídìí ọkọ̀, nítorí náà wọn kì í fi òǹkà àgbàlagbà wọn ọmọ. Òmíràn wà tí kì í fi ohun tó bá kéré ju 0.02 hàn rárá, 0.00 ni yóò máa kọ. Irú èyí kò wúlò fún wa, nítorí ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa ọmọ ọdún 16 ni bóyá ó fi ẹnu kan ọtí.

Fuel cell yàtọ̀. Irin platinum ló wà nínú rẹ̀. Ọtí inú èémí á yí padà lórí rẹ̀, ìyípadà yẹn á sì mú iná kékeré jáde. Bí ọtí bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà ṣe ń pọ̀ tó. Acetone kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, èéfín sìgá kì í da òǹkà rẹ̀ rú bí ó ṣe ń da ti èkíní rú. Òun ni irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń gbé kiri. Bí ẹni kan náà bá fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, òǹkà méjèèjì kì í jìnnà síra. Owó rẹ̀ fi ìlọ́po mélòó kan ju ti semiconductor lọ, a kò ní fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni a lè gbé síwájú ọmọ tó ń jiyàn láìfòyà.

Ó ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ ooru tó ju ìwọ̀n 40 lọ, ooru inú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa lọ́sàn-án Ìkòròdú sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ má gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú sànìtáísà tàbí ìgò ọtí. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀ bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù mélòó kan. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà sí méjìlá, bí ìwé tó bá a wá bá ṣe sọ, wọ́n gbọ́dọ̀ tún òǹkà rẹ̀ gbé padà sójú ìwọ̀n, ohun tí wọ́n ń pè ní calibration. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín pé kí ló fi ń ṣe é. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á dárúkọ sílíńdà gáàsì tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀, tàbí ìgò omi ọtí tí wọ́n ń mú gbóná dé ìwọ̀n 34. Ẹni tó bá ní "ẹ kàn máa pa á, kí ẹ tún tàn án" kò mọ ohun tó ń tà.

Àyẹ̀wò kan wà tí àgbàlagbà lè ṣe nílé lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ rà á, a sì rọ gbogbo ẹni tó bá ra ẹ̀rọ pé kó ṣe é kó tó jẹ́ kí ọmọ kankan fẹ́ ẹ. Kí ẹni tí kò fẹnu kan ọtí láti àná fẹ́ ẹ. 0.000 ló gbọ́dọ̀ kọ. Lẹ́yìn náà, kó fi bíà tó kún ìdérí ìgò kan yọ ẹnu, kó tu ú dànù, kó sì fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Òǹkà á fò sókè, ó lè kọjá 0.10, bẹ́ẹ̀ kò sí ọtí kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15 láì jẹ, láì mu, kó tún un fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ padà sí 0.000. Ẹ̀rọ tí kò bá padà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má fi ògógóró ṣe é. Ó le jù, ó lè ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́.

Àyẹ̀wò yẹn náà ló ń ṣàlàyé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Ìṣẹ́jú 15 kò ṣeé fo. Ọtí tó kù lẹ́nu, omi tí wọ́n fi ń yọ ẹnu tó ní ọtí nínú, èébì, kódà gúfẹ̀, gbogbo wọn ló ń gbé òǹkà ga ju ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Nílẹ̀ wa, ẹ fi àgbo kún un. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ń gbé òǹkà ga, kì í sì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ọtí gidi ni, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìyá tó bá ń fún ọmọ ọdún 14 ní irú àgbo bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ ń fún un lọ́tí. Ẹ bi alágbo bóyá omi ló fi rẹ ẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ nìyí. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kó ka tirẹ̀ tán. Ẹ fi ike ẹnu tuntun sí i; ike kan fún ẹnìkan, nítorí itọ́ àti àìsàn. Kí ọmọ mí kanlẹ̀, kó wá fẹ́ ẹ geere, láìdáwọ́ dúró, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sí márùn-ún títí ẹ̀rọ á fi dún. Èémí ìparí, tó ti inú ẹ̀dọ̀fóró wá, ni ẹ̀rọ ń wá. Ọmọ tó bá ń fẹ́ ẹ fẹ̀rẹ̀-fẹ̀rẹ̀, tó ń fi ahọ́n dí ihò rẹ̀, tàbí tó ń fa èémí sínú dípò kó fẹ́ ẹ síta, ó mọ ohun tó ń sá fún. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe. Bí òǹkà bá ju 0.00 lọ, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tún un ṣe kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Èkejì ni ẹ ó gbà.

Ibì kan wà tí ẹ̀rọ tó dára jù lọ pàápàá ti lè tan ènìyàn jẹ. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá gbé ìgò tó mu kẹ́yìn sílẹ̀, ọtí ṣì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 sí 90. Ọ̀dọ́ tó da ọ̀rá méjì sẹ́nu ní agogo 11:45, tó fẹ́ 0.03 ní agogo 12, ń gòkè lọ ni. Nígbà tó bá fi máa dé Àgríìkì, ó lè ti di 0.05. Nítorí náà, òǹkà tó wà nísàlẹ̀ ààlà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde kì í ṣe ìwé àṣẹ. Tó bá ti ju 0.00 lọ, kọ́kọ́rọ́ kò sí fún un.

Bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ náà kì í yá. Nǹkan bí 0.015 ni ara ń mú kúrò láàárín wákàtí kan. Kọfí kò mú un yá, omi tútù kò mú un yá, ẹ̀bà kò mú un yá lẹ́yìn tí ọtí ti wọlé tán. Oúnjẹ tí ènìyàn jẹ ṣáájú máa ń fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ẹni tó bá wà ní 0.12 ní agogo 12 òru, agogo 8 àárọ̀ ló máa tó mọ́. Ọ̀dọ́ tó bá gba mọ́tò bàbá rẹ̀ ní agogo 6 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú pé òun fẹ́ gbé màmá lọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ní tó 0.03 lára, ojú rẹ̀ ì báà mọ́ kedere. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ ẹ̀rọ láàárọ̀ náà. Ìwúlò ẹ̀rọ yìí láàárọ̀ kò kéré sí ti òru, àwọn ènìyàn kì í sì í rántí.

Pépà itọ́ kò ní bátìrì, kò ní calibration. Ọmọ kò ní jẹ, kò ní mu, fún ìṣẹ́jú 15. Á fi itọ́ rin ìdí pépà náà, ẹ ó dúró fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé èyí tó wà lára ọ̀rá rẹ̀. Kò ní sọ òǹkà tó ṣe rẹ́gí fún yín, ṣùgbọ́n ó ń sọ bóyá ọtí wà tàbí kò sí, ohun tí a sì ń bi í nípa ọmọ nìyẹn. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ má já ọ̀rá rẹ̀ títí ẹ ó fi lò ó, ẹ má sì dúró dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó kà á, torí àwọ̀ rẹ̀ á ti yí kọjá òtítọ́. Òkùnkùn kò dára fún un. Ẹ lo iná funfun, kì í ṣe iná aláwọ̀ ti DJ.

Ọ̀pá dígí alálòsọnù la fi sí ìsàlẹ̀. Ògùn inú rẹ̀, láti àwọ̀ ìyeyè lọ sí àwọ̀ ewé, ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ́míkà olóró ló wà nínú rẹ̀, bó bá sì fọ́ mọ́ ọmọdé lọ́wọ́, wàhálà ni. Ti app orí fóònù tó ní kí ènìyàn kàn fọwọ́ tẹ gíláàsì rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ kankan tó so mọ́ ọn, irọ́ ni. Fóònù kò ní ohun tó fi lè gbóòórùn ọtí.

Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fọ́jú sí ohun tí kì í ṣe ọtí. Ọmọ tó lo tramadol, kódínì tàbí igbó á fẹ́ 0.000, á sì máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ẹ wo ojú, ẹ wo ìrìn, ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ara bá sọ ọ̀tọ̀, ẹ gba ara gbọ́ ju ẹ̀rọ lọ, kí ẹ má sì fún un ní kọ́kọ́rọ́. Bákan náà ni ti àwọn tó ń po ọtí mọ́ ẹnájì dríǹkì. Kì í dín ọtí kù nínú ẹ̀jẹ̀, oorun ló ń lé, ọmọ á wá rò pé òun ò tíì yó.

Kí ló dé tí a ní kí ẹ má kó o fún àwọn ọ̀dọ́? Nítorí wọ́n á fi díje. Bí ẹ bá gbé e sórí tábìlì wọn, ẹni tó bá fẹ́ òǹkà tó ga jù ni wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún, èyí tó wà ní 0.04 á sì tún wá òmíràn mu kó lè bá a. Ọwọ́ àgbàlagbà kan tí kò mutí lọ́jọ́ náà ni kó wà. Ẹ yàn án kí òde tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹmu ti yí ká.

Fún onígbọ̀ngán, ẹnu ọ̀nà àbájáde ni ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé kò bá dáa, ẹ̀rọ kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ fi báńdì ọrùn ọwọ́ aláwọ̀ ọ̀tọ̀ sí gbogbo ẹni tí kò tíì pé 18 lọ́wọ́, irú èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yọ ọ́, ó ti já nìyẹn. Ẹ ya kúlà míníráà àti omi sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọtí, kí wọ́n má wà nínú yìnyín kan náà, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ kékeré ti ń fa ìgò. Kí ẹni tó ń pín ọtí ṣí ìgò síwájú ẹni tó bèèrè, kó sì mú ìdérí rẹ̀ padà. Ìgò tí wọn kò ṣí ni wọ́n ń gbé pamọ́ sábẹ́ tábìlì fún àwọn ọmọ. Ẹ ṣọ́ ṣápùmáànù inú jọ́ọ̀gì ńlá. Àwọ̀ rẹ̀ àti adùn rẹ̀ ń bo ọtí tí ẹnìkan bá dà sí i mọ́lẹ̀. Ẹ fi pépà itọ́ kan wò ó bí ẹ bá fura; bí àwọ̀ pépà bá yí, ẹ da jọ́ọ̀gì náà nù. Kí ẹni tó ń bójú tó ibi ìgbọ́kọ̀sí gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ nígbà tó ń wọlé, kó fún un ní nọ́ńbà, kó má sì dá a padà láìjẹ́ pé ó fẹ́ ẹ. Ẹni tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ẹ ó fi gbé e délé. Bí kò bá rí ọkọ̀, á lọ já ọ̀kadà gbà lójú ọ̀nà.

Nílé, àdéhùn ni kó ṣáájú ẹ̀rọ. Kí ọmọ mọ̀ pé bó ti wù kó rí, bó bá pe ilé pé "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé mi," ohun tí yóò gbọ́ ni "Dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀." Ìbéèrè á dúró di ọjọ́ kejì. Ọmọ tó bá mọ̀ pé igbe àti ẹgba ló ń dúró de òun lóru yẹn, á gun ọ̀kadà ẹni tó ti yó kó má bàa pe ilé. Ẹ fi í sínú àdéhùn náà pé kò gbọdọ̀ wọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àǹkú tó mutí ń wà, kí ó sì lè sọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní aláìmọ̀wàáhù. Ẹ bá àwọn ẹ̀gbọ́n náà sọ̀rọ̀. Àwọn ni wọ́n ń na ife sí ọmọ ọdún 13 lóde ìkómọ pé "tọ́ ọ wò".

Bí ọmọ bá ti mu ún débi tí kò ṣeé jí, ẹ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, kì í ṣe àsìkò òǹkà. Bó bá ń bì láìmọ̀ ara rẹ̀, bí èémí rẹ̀ kò bá tó mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, bó bá ń dáwọ́ mímí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, bí awọ rẹ̀ bá tutù tàbí tí ètè rẹ̀ ń dà bí búlúù, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má bàa há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ má fi í sílẹ̀ pé kó sùn ún. Ẹ má rọ omi tàbí epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ pe 112 tàbí 767, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí General Hospital Ìkòròdú lójú ẹsẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé lè já wálẹ̀ nítorí ọtí, ìyẹn nìkan sì tó láti dá a kú. Bó bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀ lójú títì, 122 ni nọ́ńbà àwọn Road Safety.

Ẹni tó fẹ́ rà á: họ́ọ̀lù tó ń gba òde ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, fuel cell méjì, kí ọ̀kan lè wà bí èkejì bá lọ fún calibration, pẹ̀lú ike ẹnu tó tó 200 nílẹ̀. Ìdílé tó ní ọ̀dọ́ tó ti ń wakọ̀ tàbí tó ń gun ọ̀kadà, fuel cell kan. Ìdílé tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní JSS, páálí pépà itọ́ kan tó bá àdéhùn òkè yẹn rìn. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó ń ṣe kánífà lè dá owó fuel cell kan jọ, kí wọ́n sì fi sọ́wọ́ ẹni tí kò mutí. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ẹ sì kọ ọjọ́ calibration tó kàn sí abẹ́ rẹ̀.